Ẹ́ńjìnnì Tí Ọwọ́ Ẹlòmíràn Kò Kàn Rí

Bí ẹ bá fẹ́ kí inú Ilésanmí dùn, ẹ má wulẹ̀ yin aṣọ ọrùn rẹ̀, ẹ má sì bi í nípa iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣe ní Ìkejà. Ẹ ṣáà bi í pé mẹ́káníìkì wo ló ń bá a tún máṣíìnì rẹ̀ ṣe. Yóò rẹ́rìn-ín, yóò na ọwọ́ méjèèjì síwájú yín, yóò ní, "Àwọn mẹ́káníìkì mi rèé." Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní àdúgbò wọn ní Ẹgbẹ́dá. Ṣóbọ̀wálé tó ni ilé tí wọ́n ń gbé gbọ́ ọ títí ó fi sú u, débi pé bó bá ti rí Ilésanmí pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́, ẹ̀yìnkùlé ni yóò gbà wọlé.

Kì í ṣe pé ó ń purọ́ o. Látìgbà tí owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù òṣìṣẹ́ ti jáde, tó fi tirẹ̀ ra Họ́ńdà dúdú náà, ọwọ́ ẹlòmíràn kò kan inú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí. Òun ló ń pààrọ̀ ọ́ìlì, òun ló ń fọ kabúrétọ̀, òun ló ń tú u palẹ̀, òun náà ló ń tò ó padà. Ó mọ iṣẹ́ náà, ẹ jẹ́ ká má fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ohun tí kò mọ̀ ni bí èèyàn ṣe ń sọ pé, "Èmi ni mo ṣẹ̀." Gbólóhùn yẹn kò tíì jáde lẹ́nu rẹ̀ látọjọ́ tí ìyá rẹ̀ ti bí i. Òun ni àkọ́bí, ta ni yóò sì béèrè irú rẹ̀ lọ́wọ́ àkọ́bí?

Susanna ìyàwó rẹ̀ ń ṣe ìjọ aláṣọ funfun kan ní Ìkọ̀tún. Ilésanmí ní tirẹ̀, ọmọ Áńgílíkà pọ́nńbélé ni, kì í bá a wọlé, ṣùgbọ́n gbogbo ọjọ́ Ìsinmi ló ń fi máṣíìnì gbé e dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kí òun náà tó kọrí sí tirẹ̀. Susanna á fi ẹ̀gbẹ́ jókòó, kò ní wọ bàtà, á wé sùtánà funfun mọ́ ara kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e. Wọ́n wuyì lójú títì. Àmọ́ máṣíìnì náà ti dàgbà, ó sì ti ń jò. Ọ́ìlì ń yọ jáde ní ìdí sìlíńdà, níbi tí irin kan ti jókòó lé èkejì, atẹ́gùn á sì fọ́n ọn sí etí aṣọ Susanna. Kí wọ́n tó dé ṣọ́ọ̀ṣì, àmì dúdú wínníwínní á ti kún ibẹ̀.

Ó fọ̀ ọ́ títí. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, ó fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, kò lọ. Àwọn obìnrin ìjọ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ń bi í bóyá ilé epo ló sùn mọ́jú. Nígbà tó yá, Susanna ní òun á kúkú máa fi ẹsẹ̀ òun rìn lọ. Kò fi ìbínú sọ ọ́, ìyẹn gan-an ló sì dun Ilésanmí. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀. Ó sì tún fẹ́ràn kí àwọn èèyàn máa rí i bó ṣe ń gbé e lọ. Ìfẹ́ méjèèjì yìí ló para pọ̀ nínú ohun tó ṣe ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Ó tú sìlíńdà kúrò lórí ìdí rẹ̀, ó ra páálí tuntun tí wọ́n ń fi sáàárín irin méjèèjì, ó sì ra gọ́ọ̀mù, irú èyí tí àwọn mẹ́káníìkì fi ń dí ojú irin kí ọ́ìlì má jò. Fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù yìí pa á, bí ẹni ń fi ìpara pa ọmọ tuntun lára. Ilésanmí mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n etí sùtánà ló ń rí, ojú àwọn obìnrin tó ń rẹ́rìn-ín ló ń rí, ló bá fún gọ́ọ̀mù jáde títí ó fi kún ojú irin. Ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, ó tún fún òmíràn lé e. Ó dé e pa, ó fi sípánà dì í dáadáa. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀kán ọ́ìlì kan kò jò mọ́. Susanna tún padà sẹ́yìn máṣíìnì, sùtánà rẹ̀ funfun báláú, Ilésanmí sì sọ fún gbogbo àdúgbò bí òun ṣe ṣe é.

Nínú yàrá àti pálọ̀ tí wọ́n háyà yẹn náà ni Akínbọ́lá àbúrò rẹ̀ ń gbé. Òun ni àbígbẹ̀yìn ìyá wọn. Nígbà tí ìyá náà ń kú lọ ní Ìpetu, ìlú wọn, ó mú ọwọ́ Akínbọ́lá, ó fi lé ọwọ́ Ilésanmí, kò sì sọ ohunkóhun mọ́. Ilésanmí mú un wá sí Èkó, ó fi í sẹ́nu iṣẹ́ káfíńtà, ó ń bọ́ ọ, ó ń daṣọ bò ó. Akínbọ́lá náà mọ oore. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ti ibi iṣẹ́ dé, ìta ló ti máa ń lọ gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n gbà á láyè kó gun máṣíìnì bí wọ́n bá rán an níṣẹ́. Kó fi sípánà kàn án ni wọn kò gbà.

Ní Sátidé kan, kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ gọ́ọ̀mù, Ilésanmí rán an lọ sí Dópẹ́mú kó lọ gba gàrí tí ará ilé kan fi ránṣẹ́. Ọ̀sán ló jáde. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tó padà dé, ó ń ti máṣíìnì bọ̀, gàrí wà lórí ìjókòó, òógùn bò ó. Ó ní òun ń bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ ni ẹ́ńjìnnì ké, ló há, ló sì kú. Ilésanmí fẹsẹ̀ ta á, kò lọ sílẹ̀. Ó yẹ ọ́ìlì wò, ọ́ìlì kún dé ojú àmì. Kò rí ẹ̀bi kankan lára máṣíìnì, ló bá wá a lọ sára ẹni tó gùn ún.

Ibẹ̀ ni Nùrẹ́nì, ayálégbé tó ń tún aago ṣe, ti dá sí i. Kò ní ibi lọ́kàn, ẹnu rẹ̀ ni kò lè gbé jẹ́ẹ́. Ó ní òun rí Akínbọ́lá lọ́sàn-án ní ọ̀nà Ìgàndó, obìnrin kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìgàndó kì í ṣe ọ̀nà Dópẹ́mú. Lákòókò yẹn, ọ̀kadà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbòde ní agbègbè náà ni, ẹni tó bá ti rí máṣíìnì gbé ń fi kó èrò. Gbogbo rẹ̀ yé Ilésanmí lójú ẹsẹ̀, tàbí ká ní ó rò pé ó yé òun.

Ó bi Akínbọ́lá pé ta lobìnrin náà. Akínbọ́lá wolẹ̀. Ó ní òun kò fi máṣíìnì ṣe ọ̀kadà, ó tún un sọ, ṣùgbọ́n kò dárúkọ obìnrin kankan. Àwọn ayálégbé ti yọ jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wò wọ́n.

"Olè ni ẹ́," ni Ilésanmí wí. "O fi nǹkan mi pawó, o pa á, o tún ń fi ẹnu tí mò ń bọ́ purọ́ fún mi. Kó ẹrù rẹ."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Susanna kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́, Ṣóbọ̀wálé bá wọn dá sí i, pàbó ló já sí. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Akínbọ́lá gbé báàgì rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ṣí, ó sì lọ. Ilésanmí wà nínú yàrá, ó gbọ́ nígbà tí àyà àbúrò rẹ̀ kanlẹ̀. Ó lè dìde. Kò dìde.

Nígbà tí Akínbọ́lá fẹ́ gbé ìyàwó, ó rán àwọn àgbà wá bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó wá jókòó ní ipò bàbá lọ́jọ́ ìtọrọ. Ilésanmí ní òun kò ní lọ tọrọ ọmọ ọlọ́mọ fún olè. Ọláníyan, ará Ìpetu kan tó ń gbé ní Gowon Estate, ló bá wọn jókòó sí àga náà. Susanna dọ́gbọ́n lọ, ó sì padà wá láìsọ nǹkan kan. Títí ni wọ́n ń pe ìyàwó náà. Wọ́n fi Ìgàndó ṣe ibùgbé, Ọlọ́run fi ọmọbìnrin kan ta wọ́n lọ́rẹ, wọ́n sọ ọ́ ní Tòún. Ọmọ náà dàgbà tó ẹni tó ń sáré kiri, Ilésanmí kò fojú kàn án.

Gbogbo ìgbà wọ̀nyí, máṣíìnì wà lẹ́yìn ilé lábẹ́ tapólì. Àwọn èèyàn ní kó tà á fún àwọn onírin àlòkù, ó kọ̀. Wọ́n ní kó gbé e fún mẹ́káníìkì, ìyẹn tilẹ̀ bí i nínú. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló wá jí i. Ó ra ilẹ̀ kan ní Ayọ̀bọ̀, ó ń kọ́lé síbẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọ̀nà ibẹ̀ sì burú débi pé ọkọ̀ kì í dé itòsí. Àárín oko ẹ̀gẹ́ ló ń gbà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn, bó bá sì fi máa dé ibẹ̀, àwọn bíríkìlà á ti palẹ̀ mọ́. Nígbà tó gba lìífù níbi iṣẹ́ lọ́dún náà, ó ṣí tapólì kúrò, ó tẹ́ àpò sí ẹ̀yìnkùlé, ó kó agolo mílíìkì jọ fún bóòtù, ó sì jókòó ti ẹ́ńjìnnì.

Inú rẹ̀ dùn lọ́jọ́ náà, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbàgbé ohunkóhun. Ó ń fi kẹrosíìnì fọ irin, ó ń súfèé orin ìyìn. Nígbà tó ṣí orí ẹ́ńjìnnì, ó bá irin tó ń yí níbẹ̀ tó ti gbẹ fúrúfúrú, iná ti jẹ ẹ́ títí ó fi dúdú, ó sì ti lẹ̀ mọ́ ibi tó jókòó sí. Ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì kan náà, ọ́ìlì àtijọ́ ṣì kún ibẹ̀. Orin dá lẹ́nu rẹ̀. Báwo ni ìsàlẹ̀ ṣe máa kún tí òkè á gbẹ?

Ihò kan wà tí ọ́ìlì ń gbà láti ìsàlẹ̀ gun òkè, kò tóbi ju ihò tí ìka ọmọdé lè wọ̀ lọ. Ilésanmí mú sípóòkù kẹ̀kẹ́, ó kì í bọ ihò náà láti òkè. Kò kọjá. Ó gbé sìlíńdà sókè, ó yí i dojú dé, ó sì rí i. Gọ́ọ̀mù ni. Gọ́ọ̀mù tó pọ̀ jù, tí irin méjèèjì fún mọ́ra títí tó fi sá wọ inú ihò, tó gan síbẹ̀, tó dí i pa. Kò gbà kí ọ́ìlì jò síta mọ́, kò sì gbà kó gòkè mọ́. Látọjọ́ tó ti dé ẹ́ńjìnnì náà pa ni òùngbẹ ti ń gbẹ orí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá gùn ún lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni ì bá kú mọ́ lọ́wọ́, ì báà ṣe Ilésanmí fúnra rẹ̀ tàbí bíṣọ́ọ̀bù.

Ọkàn rẹ̀ kọ́kọ́ wá ẹni tó máa dì í rù. Ó fẹ́ sọ pé mẹ́káníìkì kan ló ṣe é. Mẹ́káníìkì wo? Òun ló ń na ọwọ́ méjèèjì fún gbogbo ayé láti ìgbà yìí wá. Ó wo ọwọ́ náà bí wọ́n ṣe rí pẹ̀lú kẹrosíìnì lára wọn, ó sì fi wọ́n sáàárín orúnkún. Ìka tó bá ṣẹ̀ lọba ń gé. Ìka Akínbọ́lá ni òun gé, ìka tòun ló sì ṣẹ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ náà, olè, bó ṣe pariwo rẹ̀ lójú gbogbo ayálégbé. Ó rántí àga tí Ọláníyan bá wọn jókòó sí. Ẹkún gbọ̀n ọ́n, ẹkún àgbà tí kì í ní ohùn.

Bí Susanna ṣe bá a nìyẹn. Ó sọ fún un, nítorí kò lè ṣe kó má sọ fún ẹnì kan. Ó fi gọ́ọ̀mù gbígbẹ náà hàn án. Susanna gbà á, ó yí i lọ́wọ́, ó bi í bóyá nítorí aṣọ òun ni. Ilésanmí ní bẹ́ẹ̀ ni. Obìnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí àpò tó kún fún ọ́ìlì.

"Ẹ lọ bá a lónìí, ọkọ mi," ló wí.

"Jẹ́ kí n tún un ṣe ná. Màá gbé e lọ bá a."

"Ẹsẹ̀ lẹ máa fi lọ, kì í ṣe máṣíìnì."

"Kí ni mo fẹ́ lọ wí? Ẹ̀gbọ́n kì í dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò."

"Ta ló ní kí ẹ dọ̀bálẹ̀? Ẹ ṣáà ní, 'Akínbọ́lá, èmi ni mo bà á jẹ́.' Gbólóhùn kan péré ni."

Ilésanmí ní òun ti gbọ́. Ó gbọ́ lóòótọ́, ó sì fẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀ ń dùn mọ́ ọn ju iṣẹ́ tó wà ní Ìgàndó lọ. Ó gbé sìlíńdà lọ sí Dópẹ́mú, sọ́dọ̀ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fún un. Ó wá irin tó ń yí lórí ẹ́ńjìnnì, písítìnì àti ríìngì tuntun kiri, ó dá èyí tó jẹ́ ayédèrú padà, ó tún wá òmíràn. Lìífù rẹ̀ tán, ó ń fi òpin ọ̀sẹ̀ ṣe é. Susanna a máa bi í, Ilésanmí á ní ó kù díẹ̀. Lóòótọ́ ló máa ń kù díẹ̀, ìyẹn ni ìwà ẹ́ńjìnnì.

Bó ṣe ń dì í, bẹ́ẹ̀ ló ń fi gbólóhùn náà kọ́ ẹnu rẹ̀. Akínbọ́lá, èmi ni mo bà á jẹ́. Ó ń sọ ọ́ fún bóòtù, ó ń sọ ọ́ fún písítìnì. Lẹ́yìnkùlé, láàárín òun àti irin, gbólóhùn náà rọrùn, ó tilẹ̀ dùn ún sọ. Lọ́tẹ̀ yìí, fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ẹ́ ló fi gọ́ọ̀mù pa ojú irin, ó sì fi sípóòkù yẹ ihò náà wò kó tó dé e. Nígbà tó fẹsẹ̀ ta á, ẹ́ńjìnnì náà jí, ó wúkọ́ díẹ̀, ó sì gba ohùn rẹ̀ padà. Àwọn ayálégbé tú jáde. Nùrẹ́nì ní Ilésanmí ni ọ̀gá gbogbo wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí ìyìn máa korò lẹ́nu ọkùnrin yìí.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì tuntun kì í sáré. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi sùúrù gùn ún títí ara rẹ̀ á fi bá ara mu. Ilésanmí tún rí àwáwí kan gbá mú níbẹ̀, ó ní Ìgàndó jìnnà fún un, bẹ́ẹ̀ ó ti ń gùn ún lọ sí Ayọ̀bọ̀. Susanna kò bá a jiyàn. Ó kàn kọ̀, kò gun máṣíìnì náà, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Sátidé tó tẹ̀ lé e, Ilésanmí wọ bùbá, ó dé fìlà, ó kọrí sí Ìgàndó.

Bó ti ń lọ ló ń tún gbólóhùn náà sọ. Ẹ́ńjìnnì ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó bá Akínbọ́lá lójúde ilé rẹ̀, níbi tó ti ń ṣe ibùsùn fún oníbàárà kan. Ọkùnrin náà ti sanra díẹ̀, irùngbọ̀n ti yọ. Ohùn máṣíìnì ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó gbé orí sókè, irinṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì na gbalaja sínú lẹ́búlẹ́bú igi. Títí jáde láti inú ilé, ó kúnlẹ̀. Àwọn ará ilé tó wà lọ́ọ̀dẹ̀ dìde, wọ́n ń wò.

Ilésanmí sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wà létè rẹ̀ gan-an. Ó ní, "Akínbọ́lá," ó sì mí sínú.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi," ni Akínbọ́lá wí láti ilẹ̀ níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí. "Ó ti pẹ́ tó ti wà lọ́rùn mi. Lọ́jọ́ náà, mi ò fi ṣe ọ̀kadà. Títí tẹ́ ẹ rí yìí ni mo gbé. Ojú tì mí láti sọ fún yín pé mo ní obìnrin tẹ́ ẹ ò tíì mọ̀. Mo gbé e wá síbí, ọjọ́ ń lọ, mo bá fi eré lọ gba gàrí, mo sì fi eré padà. Mo ní jẹ́ẹ́jẹ́ ni mò ń bọ̀, irọ́ ni mo pa. Eré yẹn ló pa á. Èmi ni mo bà á jẹ́, Bọ̀dá mi. Ẹ dárí jì mí."

Gbólóhùn Ilésanmí gan-an nìyẹn, ẹlòmíràn ló sọ ọ́. Ó dúró bí ẹni tí wọ́n gba ẹrù lórí rẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó mọ ohun tó yẹ kó sọ. Kó ní, rárá, dìde, kì í ṣe eré, gọ́ọ̀mù ni. Ó wo Títí tó kúnlẹ̀. Ó wo àwọn ará ilé tó ti ń mi orí, tí wọ́n ń wò ó bí wọ́n ti ń wo bàbá. Ó pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti wò ó bẹ́ẹ̀. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba, ṣùgbọ́n akólòlò a máa fẹ́ pè é ni. Ilésanmí la ẹnu, ohun tó sì jáde níbẹ̀ nìyí:

"Ó ti tán. Mo ti dárí jì ọ́. Dìde."

Ohùn rẹ̀ tutù, ó ní ìyọ́nú. Ẹ̀rù ohùn náà ba òun fúnra rẹ̀.

Akínbọ́lá sunkún. Ó di ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú, ó sunkún bí ọmọ kékeré, àwọn ará ilé ń sọ pé Ọlọ́run ṣeun, wọ́n ń sọ pé àgbà tó níwà nìyí. Wọ́n mú un wọlé, wọ́n fún un ní àga tó dáa jù. Títí gún iyán, nítorí ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un tipẹ́ pé iyán ni ẹ̀gbọ́n òun fẹ́ràn. Ilésanmí jẹ ẹ́. Lẹ́yìn òkèlè kọ̀ọ̀kan, á ní ó dùn.

Àbúrò rẹ̀ tún ṣí ilẹ̀kùn fún un lẹ́ẹ̀kan sí i, láìmọ̀. Ó bi í pé kí ló bá nínú ẹ́ńjìnnì nígbà tó tú u. Kò fi ìfura kankan bi í, ọ̀rọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin lásán ni. Ilésanmí bu omi mu. Ó ní ara rẹ̀ ti gbó ni, ó ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Akínbọ́lá mi orí, ó ní ẹ̀gbọ́n òun ṣáà ń fẹ́ bo òun láṣìírí ni.

Nígbà tí wọ́n jáde, Ilésanmí na kọ́kọ́rọ́ máṣíìnì sí i. Ó fẹ́ ṣe ohun kan, ohunkóhun. Ó ní kó gùn ún lọ sí òpin àdúgbò kó padà. Akínbọ́lá rẹ́rìn-ín, ó sún sẹ́yìn.

"Rárá o, Bọ̀dá mi. Ọwọ́ mi ò dáa sí ẹ́ńjìnnì. Àtọjọ́ yẹn, mi ò gun máṣíìnì mọ́. Ọ̀gá kan fẹ́ fi tiẹ̀ sílẹ̀ fún mi kí n máa fi gbé igi, mo ní rárá, màá pa á ni."

Tòún ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ó ń na ìka sí irin rẹ̀ tó ń dán. Bàbá rẹ̀ pè é. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kó má fọwọ́ kan nǹkan ẹ̀gbọ́n òun, pé òun fọwọ́ kan án nígbà kan rí, òun sì bà á jẹ́, kó wo bí ẹ̀gbọ́n òun ṣe jìyà tó kí wọ́n tó tún un ṣe. Ọmọ náà wo Ilésanmí, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.

Ilésanmí fẹsẹ̀ ta máṣíìnì. Ẹ́ńjìnnì jí lẹ́ẹ̀kan náà, kò dá a dúró rárá. Ó fẹ́ kó kọ̀, kó lè rí ìdí dúró, ṣùgbọ́n ó ti tún un ṣe dáadáa jù. Wọ́n ń juwọ́ sí i títí ó fi yà ní kọ́nà.

Nígbà tó délé, Susanna ti ń dúró dè é. Kò jẹ́ kó tíì bọ́ fìlà. Ó bi í pé ṣé ó bá a nílé. Ilésanmí ní òun bá a, àlàáfíà ni wọ́n wà, wọ́n kí i. Susanna ní, ṣé ó ti sọ ọ́? Ilésanmí jókòó, ó tú okùn bàtà rẹ̀ kan, ó tú èkejì, kò gbé ojú sókè.

"Ó bẹ̀ mí," ló wí. "Mo sì dárí jì í."

Susanna gbé abọ́ tó ti fi dé oúnjẹ rẹ̀ kúrò, ó bu omi ìfọwọ́ fún un, ó sì lọ jókòó síta.